Ajá Tó Mọ Ọ̀nà Omi

Kí èmi àti ṣọ́bìrì mi tó débẹ̀,
ajá ti mọ̀.
Lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí l'Ẹ̀fọ̀n, lásìkò ọyẹ́,
nígbà tí kùrukùru bá bo orí òkè bí aṣọ àlòkù,
ajá pupa kan a na ara rẹ̀ gbọọrọ sórí ilẹ̀ lásán,
níbi tí koríko ti ń yọ ewé tuntun
nígbà tí gbogbo àgbàlá ti gbẹ.

Nọ́ọ̀sì Bámitálẹ́ ní:
"Ìdì igi méjì là ń kó sábẹ́ dírọ́ọ̀mù láràárọ̀.
Omi á hó níbẹ̀ yẹn, á máa pariwo.
Kó tó dọ́dọ̀ mi, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni,
ọmọ tuntun á máa ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè."

Mo fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀: ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógójì.
Kọngilá tó ri páìpù náà ti gbowó rẹ̀ tipẹ́.
Ìhòòhò ló rì í,
ìka mẹ́rin péré sílẹ̀,
bí ẹni ń sin adìẹ tó kú láàjìn.

Wọ́n ní omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀.
Lóòótọ́, omi ò kọjá.
Ooru inú rẹ̀ ló yà lọ́nà.
Ilẹ̀ ò lọ́fun, àmọ́ ó mọ ohun mímu.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo gbọ́n lójú ara mi.
Mo kó èèpo ìrẹsì wá láti Ìgbẹ̀mọ, àpò mẹ́sàn-án,
mo kó o yí páìpù ká,
mo bo yẹ̀pẹ̀, mo fọwọ́, mo gbowó.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kí mi kú iṣẹ́.
Òjò àkọ́rọ̀ wá dé.
Èèpo mu omi yó,
ikán jẹ ìyókù,
ajá padà sórí ibùsùn rẹ̀.

Mo gòkè lọ bá ọ̀gá mi, Baba Famúyìwá,
tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì,
tó ṣì ń pe iṣẹ́ ní ùṣẹ́, tó ń pe ilé ní ulé.
Kò bú mi.
Ó bi mí bí ìyá mi ṣe máa ń gbé ẹ̀kọ mímu lọ sóko
tí kì í fi í tutù.
Mo ní aṣọ ló fi ń wé e, tó fi ń gbé e sínú igbá.
"Bí òjò bá ká a mọ́nà ńkọ́?"
Mo ní á fi ọ̀rá bò ó.
"Kí ló dé? Ohun tó tutù lè ṣọ́ ohun tó gbóná ni?"
Ó yíjú sí ògiri. Ó ti tán.

Mo tún wa ilẹ̀, ó mù mí dé orúnkún.
Mo gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́,
mo wé e mọ́ páìpù ní ìlọ́po méjì,
mo fi rọ́bà inú táyà dì í pinpin,
mo tì í bọnú páìpù ńlá,
mo fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo oríkèé,
torí oríkèé lolè ń gbà wọlé.
Mo da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀
kí omi òjò lè rọ́nà gbà lọ sísàlẹ̀ òkè.

Aago márùn-ún ìdájí, Nọ́ọ̀sì ṣí ẹ̀rọ,
ó fa ọwọ́ yọ wàrà.
"Ẹ bu omi tútù wá o, kí n fi là á!"
Ọmọ tí wọ́n wẹ̀ láàárọ̀ yẹn ò ké.
Ó kàn ń wo òrùlé.

Èmi jáde sẹ́yìnkùlé.
Ajá dé. Ó yípo lẹ́ẹ̀mẹta,
ó ń fimú wá ibùsùn rẹ̀
láti ìdí dírọ́ọ̀mù títí dé ògiri.
Ilẹ̀ náà tutù bí ilẹ̀ yòókù.
Ó wò mí.
Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ fún un.
Àpò ìrẹsì kan ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ mi,
mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.
Títí mo fi lọ, kò sùn síbẹ̀.