Ọdún Wo Ni Wọ́n Kọ Ọ́?

Ìsinmi Àjíǹde, mo gbé ìwé òfin ogun bọ̀ láti Ìbàdàn,
ó wúwo bí ọmọ ọlọ.
Mo tẹ́ ẹní sábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n,
mò ń kà á sókè, torí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì,
ohun tí ẹnu mi bá sì kà, etí mi kì í gbàgbé.

Bàbá Látúnjí ń fọ́ kajú nídìí ààrò.
Epo rẹ̀ ti sọ ìka wọn di dúdú.

Mo kà pé: ọgbẹ́ kò ní ẹ̀yà,
ẹni tó bá ṣubú, ìbáà jẹ́ tiwa, ìbáà jẹ́ tiwọn, ẹ gbé e.
Mo kà pé: ilé tí wọ́n bá kun àgbélébùú pupa sórí òrùlé rẹ̀,
ẹ má yìnbọn sí i.
Mo rántí ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti bí mi,
páànù rẹ̀ tó ti dípẹtà.
Báwo ni yóò ṣe rí lójú ẹni tó wà nínú bàálù?

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.
Ìwé yìí kò bá arọ sọ̀rọ̀ rárá.
Ológun ló ń bá wí:
arọ ló wà lọ́nà yẹn, ìwọ ni kí o yà.

Mo wá kan ẹni tó ju ìbọn sílẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè:
kì í ṣe ọ̀tá mọ́, ẹ kò gbọdọ̀ pa á.
Mo fi bírò pupa fa ìlà sí i, torí ó lè jáde.

Òkúta ọwọ́ bàbá dúró.
"Tún un kà."
Mo tún un kà.
"Ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́?"
Mo fi ìka ṣírò rẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.
"Ó ti pé ọdún méjìdínlógún kí ẹ tó lọ sógun, bàbá."
"Ó ti wà nígbà náà?"
"Ó ti wà."

Odò kan wà tí wọn kì í dárúkọ.
Ìyá àgbà ló sọ fún mi kí wọ́n tó lọ
pé lóru, bàbá a máa bẹ ẹnìkan
pé kó sọ ọwọ́ kalẹ̀, kó jọ̀ọ́.

"Wọn ò kà á fún wa.
Ìbọn ni wọ́n kọ́ wa, bí wọ́n ṣe ń tú u, bí wọ́n ṣe ń tò ó."

Olùkọ́ wa ní àìmọ òfin kì í ṣe àwáwí.
Mo mọ̀ ọ́n sórí.
N kò sọ ọ́.

Wọ́n gba ìwé náà, wọn ò mọ̀wé,
wọ́n wá ìlà pupa mi títí wọ́n fi rí i,
wọ́n fi àtàǹpàkò dúdú lé e, ó pẹ́ díẹ̀,
bí ẹni tẹ̀ka.
"Gbà. Máa kà á lọ," wọ́n ní.
"Kà á sókè."