Ẹni Tó Wọlé Lẹ́yìn Wọn

Lẹ́yìn ìrun ìṣà, ní Dada, l'Ókèlele,
tí èéfín iná ìkòkò ṣì ń rùn lára aṣọ tá a sá,
mo gbé kọ̀ǹpútà mi lé orí orù kan tí ẹnu rẹ̀ sán,
èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní rà mọ́.
Fíìmù nípa Amẹ́ríkà ni. Kì í ṣe ti oníbọn.
Ti àwọn ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì gígùn,
tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè owó ìlú.

Màmá Àwáwù ò gbọ́ Òyìnbó.
Ó ní ojú ni òun fẹ́ wò, ojú ò nílò ògbufọ̀.
Ó di ọmọ òkúta kan mú,
ó ń fi ra ara ìsáàsùn tútù kó lè dán,
jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Kí ló dé tí èyí nawọ́ sókè?"
Ó ń búra ni, Màmá.
"Kí ló mú dání?"
Ọwọ́ lásán ni.
Òkúta dúró lórí amọ̀.
"Ọwọ́ lásán," ló wí, ó tún ń ra á lọ.

Mo túmọ̀ dé ibi tí agbára mi mọ:
sẹ́nétọ̀ nìyí, lọ́yà nìyẹn,
èyí ni ẹni tó ní òun ò rántí,
èyí rántí, àmọ́ ìwé rẹ̀ ló sọnù.
Ó rẹ́rìn-ín sí ti ìwé tó sọnù.
"Ìwé tiwọn náà mọ ọ̀nà oko."

Nígbà tí gbogbo wọn dìde, tí yàrá dá wáí,
obìnrin dúdú kan wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ onígi gígùn.
Kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ.
Ó ṣa bébà lábẹ́ àga, ó na ọ̀kan sí iná,
ó kà á. Mo rò pé ó kà á.
Fíìmù ti lọ síbòmíràn.

"Dá a padà."
Mo dá a padà.
"Ta nìyẹn?"
Wọn ò dárúkọ rẹ̀.
"Ṣé wọ́n bi í?"
Wọn ò bi í, Màmá, agbálẹ̀ ni.
"Mo rí i pé agbálẹ̀ ni. Mo ní, ṣé wọ́n bi í?"

Ìgbà yẹn ló sọ ohun tí kò sọ fún wa rí.
Bàbá wa àgbà, Sáádù, mẹ́sẹ́ńjà káńsù,
láyé ṣọ́jà, nígbà tí owó ẹ̀rọ omi dàwátì,
tí àwọn olùwádìí jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Òun ló ń gbé fáìlì wọlé, òun ló ń gbé e jáde.
Lọ́jọ́ kan mẹ́rin wọlé, mẹ́ta ló jáde.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú
kí wọ́n lè bi í.
Wọ́n rán an lọ ra wàrà.

Ṣé ó rà á?
"Ó rà á. Ó ní kí wọ́n bu ata sí i.
Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n kọ̀wé wọn, wọ́n lọ."
Páìpù ẹ̀rọ náà ṣì yọrí lẹ́yìnkùlé wa,
ewúrẹ́ là ń so mọ́ ọn.

Bátìrì kú kí wọ́n tó dájọ́.
Mo ní tí iná bá dé n ó sọ ibi tó parí sí.
Ó ní kí n má ṣèyọnu.

Iná dé lóru. Mo wò ó dópin,
mo wá obìnrin náà láàárín orúkọ tó ń gòkè:
ẹni tó gbé iná wà níbẹ̀, ẹni tó wakọ̀,
ẹni tó se oúnjẹ fún wọn, ajá kan pàápàá.
Mo tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láàárọ̀, Màmá ti to ìkòkò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ koríko gbígbẹ.
Ó ní kí n mú ìgbálẹ̀, kí n gbá eérú àná kúrò.
Mo gbá a.