Panápaná Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kì í fun fèrè ọkọ̀.
Èmi Valdecir, tí èéfín ti jẹ ojú mi pọ́n,
àpótí yìnyín kékeré ni mo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́,
mo ń rọra wakọ̀ lórí òkúta ìlú Lages
bí ẹni tó gbé ẹyin lé itan.

Ìrì ti dì sórí koríko. Ajá pàápàá kọ̀, kò gbó.
Rosilda ti dúró lẹ́nu géètì, orí rẹ̀ kò tíì rí òòyà,
ìgò kọfí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti bọ̀ nínú omi híhó,
tó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí lára.
"Mẹ́ta péré ni," ó ń sọ ọ́ bí onígbèsè.
"Ọmọ mi ló jí lóru, ló mu, ló tún mu."
Ta ni yóò bá ọmọ jà nítorí ọmú ìyá rẹ̀?

Ó máa ń sọ ohun tí obìnrin kì í sọ fún panápaná:
pé bí ọmọ ti gbá ọmú mú lọ́jọ́ kìíní, inú òun súnkì,
ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sì dá;
pé omi ọmú àkọ́kọ́ pọ́n bíi pupa ẹyin,
ìyá ọkọ ní kí òun fún un dànù, nọ́ọ̀sì figbe ta:
"Ẹ má dà á! Àjẹsára tí kò lábẹ́rẹ́ nìyẹn!";
pé orí ọmú là, òun sunkún ní balùwẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ,
títí Jurema aládùúgbò fi wá fi bí a ti ń gbé ọmọ hàn án,
tó sì bá a fọ abọ́ kó tó lọ.

Èmi a máa wo bàtà mi.

Nílé ìwòsàn, ọmọ Noeli wà nínú dígí,
ọmọ oṣù mẹ́fà tó kánjú wáyé,
kò ju búrẹ́dì kan lọ.
Noeli ti ọwọ́ bọ ihò, ìka kan ni ọmọ dìmú.
Ọmú tirẹ̀ ṣì gbẹ; ìpayà kì í jẹ́ kí omi sun.
Wàrà Rosilda ń kán gba inú ọ̀pá tín-ín-rín,
ṣíbí kan, àbọ̀ ṣíbí.
Obìnrin méjèèjì kò rí ara wọn rí.

Iná ilé mọ́kànlá ni mo ti pa.
Nínú méjì, mo pẹ́ kí n tó dé. N kò gbàgbé.
Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ẹ̀kán wàrà náà.

Lóṣù kejì, òtútù ti ń dẹ̀, fóònù dún ní ibùdó wa.
Ohùn Noeli ni, jẹ́jẹ́:
"Ẹ jọ̀ọ́, lọ́dọ̀ tiwa náà, ìgò kan ti kún."