Orúkọ Ajá Méjì

Nígbà tí èmi àti Bàbá Oyèdìjọ jà
lórí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ilẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n,
mo lọ ra ajá.
Kì í ṣe nítorí olè. Kí lolè fẹ́ jí nílé fọkanáísà?
Nítorí orúkọ ni.
Ẹ̀yìnkùlé-lọ̀tá-wà ni mo sọ ọ́.
Ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán,
ẹ̀gbẹ́ fèrèsé Bàbá Oyèdìjọ ni mo ti ń pè é.

Kò pé oṣù kan,
òun náà fa tirẹ̀ dé láti Gáà Lágbẹ̀du,
abo, onírun pupa, etí rẹ̀ kan gé.
Inú-ilé-laṣeni-ń-gbé.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe la òwe kan ṣoṣo sí méjì,
tí a fi ọgbà sáàrin rẹ̀,
ọdún mẹ́rin gbáko.

Ajá kò gbọ́ òwe.
Wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ ọgbà,
wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀.
Ohun tó ń bá wọn lọ, tó ń bá wọn bọ̀,
a kò rí i.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, Ẹ̀yìnkùlé kọ oúnjẹ.
Mo ní bóyá ó ti yó níta.
Mo na eegun sí i, ó yíjú.
Ní ọjọ́ kẹta, ó tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà,
ìtọ̀ náà pọ́n bí omi poporo ọkà bàbà.
Mo ká ètè rẹ̀ sókè:
èrìgì tó máa ń pọ́n bí awẹ́ obì
ti funfun bí ẹ̀kọ tútù.
Mo wá ṣí etí rẹ̀ wò.
Háà!
Wọ́n tò síbẹ̀ bí èso lárà, wọ́n yó, wọ́n ń dán,
ìkankan nínú wọn kò tilẹ̀ yíra padà.

Èmi, ajá, ọlọ́kadà, ó di ọ̀nà Ìlọrin.
Ara rẹ̀ ń jó mi láyà bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀.
Dókítà Oyèyọdé, ọmọbìnrin kékeré,
ní kí n tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà.
Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ róbótó kan, mo rí àlejò méjì,
wọ́n forí kora bí kajú méjì lórí ẹ̀ka.
"Eégbọn ló gbé wọn wọlé. Oògùn wà,
ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀.
Ta ló ní ajá tó sanra ládùúgbò yín?"

Mo wo ilẹ̀. Mo wo òrùlé.
N kò ní nọ́ńbà rẹ̀.
Ìyàwó mi ló ní i.
N kò bi í léèrè bó ṣe rí i.

Ó dé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, okùn ajá lọ́wọ́,
kò kí mi.
Dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ tìyẹn náà wò: ó mọ́.
Ó mú káàdì jáde. "Ẹ̀yin bàbá, kí lorúkọ wọn?"

Afẹ́fẹ́ fáànù nìkan ló ń sọ̀rọ̀.
Mo hú u jáde lábẹ́ ahọ́n: Ẹ̀yìnkùlé-lọ̀tá-wà.
Bàbá Oyèdìjọ wúkọ́,
ó ní, Inú-ilé-laṣeni-ń-gbé.
Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀,
ó kà á papọ̀ lẹ́ẹ̀kan,
ó wá fi bírò kan agolo
tí àwọn eégbọn tó já lára ajá mi ti ń rìn kiri,
kò sì sọ nǹkan kan.

A wo ẹ̀jẹ̀ náà bó ṣe ń kán.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣì wà ní kóòtù o.
Ṣùgbọ́n a ti fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ògiri tó sán,
tèmi àti tirẹ̀, níbi tí wọ́n ń yé sí.
Sátidé sí Sátidé,
agolo kẹrosíìnì kan náà là ń lò.

Lánàá, nínú òkùnkùn,
mo gbọ́ tó ń pe ajá rẹ̀ wọlé.
Tèmi ló dìde,
ó gbọn ara,
ó sì dá a lóhùn.