Ìjẹ Ẹnu Ìwọ̀

Múṣáfáù ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn,
ó rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó dúró.
Mo mọ ìdúró yẹn. Èjìká rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́.
"Ṣé mo pa sítóòfù?"
O pa á. Ojú mi ni o ṣe pa á.
Ó tún padà.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iná yọ sí wa,
ọdún tí Bàbá kú, òjò ń rọ̀ sórí ọ̀sà:
kẹrosíìnì dànù, kọ́tìnì gbiná,
a fi yanrìn pa á kí Òkè-Balógun tó jí.
Láti òru náà ni òórùn kẹrosíìnì
ti gba igbe ìyá wa sára.
Tí ọ̀kan bá dé, èkejì ti dé.

Ó wọlé, ó fọwọ́ kan irin sítóòfù.
Ó tutù.
Háà, ẹ bá wo ojú rẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú yẹn,
bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì kúrò lórí rẹ̀.
Ìtura ni. Ìtura gidi.
Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀nàyẹmí ló là á yé mi ní jẹ́nẹ́rà:
"Ewúrẹ́ ké, o fún un ní èèpo iṣu.
Ta ló kọ́ ọ pé kó tún ké lọ́la?
Ìbẹ̀rù ké, ẹ̀gbọ́n rẹ lọ yẹ sítóòfù wò,
ìtura dé: èèpo iṣu nìyẹn.
Orí rẹ̀ ò dàrú o. Ẹ̀kọ́ ló kọ́,
ó sì mọ̀ ọ́n jù."

Èmi ọmọ apẹja, ìwọ̀ ni mo rí:
ẹja kì í gbé irin mì nítorí irin.

A bẹ̀rẹ̀ ní Àlàmísì.
Ó ti ilẹ̀kùn, ó dé ìdí ẹ̀rọ, ó dúró,
mo dúró tì í. N kò sọ pé ó pa á.
(Èyí ló nira fún mi jù;
ẹnu mi náà ti di èèpo iṣu látọjọ́ yìí.)
Òógùn bo imú rẹ̀. Ó ń wo ọ̀nà ilé
bí ẹni tó gbàgbé ọmọ síbẹ̀.
Ìbẹ̀rù ké. Ó ké, ó ké,
ó ga débi tí mo rò pé kò ní sọ̀ mọ́.
Kò sẹ́ni tó fún un ní nǹkan.

Ogójì ìṣẹ́jú.
"Jẹ́ ká lọ," ó wí, ohùn rẹ̀ há.
Ní Marina ó ra ẹ̀pà sísè,
ó gbàgbé ṣéńjì rẹ̀.

Lálẹ́, ó tún yẹ sítóòfù wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
Mọ́kànlá ni tẹ́lẹ̀.