Wọ́n Pè É Lẹ́ẹ̀mẹta

Eku ti jẹ etí ìwé ẹjọ́ náà,
tàdáwà akọ̀wé ti ṣá bí omi tí a fi fọ ẹja.
Kóòtù Ẹ̀pẹ́, nígbà ayé òyìnbó:
Sùnmọ́nù Ọ̀jẹ́ẹ́lá, apẹja, òun ló pẹjọ́.
Ọ̀nà mẹ́ta ni akọ̀wé gbà kọ orúkọ rẹ̀.

Ilẹ̀ etí ọ̀sà ni wọ́n ń jà sí,
láti ìdí ìyeyè dé ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́.
“Wọ́n pe olùpẹjọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dáhùn.”
Òǹtẹ̀ pupa. Ó parí.

Nílé wa, wọ́n ní ojora ló mú un.
Títí dòní, bọ́mọdé bá sá fún iṣẹ́:
“Sùnmọ́nù, adájọ́ ń pè ọ́ o!”

Mo gbé ọjọ́ náà lọ síbi Kùránì rẹ̀,
èyí tó fi ọwọ́ kéú kọ ìbí àti ikú sẹ́yìn.
Álúfà Mùtáírù ka oṣù Lárúbáwá mọ́ ti òyìnbó,
ó dákẹ́, ó tún un kà:
“Lónìí, Alàmísì, a sin Sèlíátù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni.”

Ọjọ́ kan náà.

Ìyeyè yẹn ṣì wà. Ọmọ ọlọ́mọ ń sọ òkò sí i.
N ò bèèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Mo dúró lábẹ́ rẹ̀, mo jẹ́ “Hòo,”
ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ọmọdé kan wò mí títí,
ó fún mi ní ìyeyè kan.