Ìdodo Táyà

Òjò wínníwínní ń rọ̀ ní Kutaisi.
Ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin ni Zauri gbé ọkọ̀ sí,
Ópẹ̀lì àtijọ́ tí sílíńdà gáàsì ti gba gbogbo búùtù rẹ̀.
Ó wo Lamara, ó wo àga oníkẹ̀kẹ́ tó jókòó lé,
ó fọwọ́ họ irùngbọ̀n:
"Màmá, níbo la ó gbé e sí báyìí?"
Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó ń wá sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá.

"Dìde jàre. Fi irin ẹ sílẹ̀."
Lamara ti sún ara rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀,
ọwọ́ kan lára ilẹ̀kùn, ọwọ́ kan lára àga,
bó ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá.
Ó na àtàǹpàkò, ó tẹ ìdodo táyà,
kẹ́!
Àwọn ọta wẹ́wẹ́ tó yọrí lára ọ̀pá
sá wọlé bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn.
Táyà bọ́.
Kò sí òòlù, kò sí èébú, kò sí òógùn.
Èkejì náà: kẹ́!
Ohun tó gbé e gba ọ̀nà olókùúta kọjá láàárọ̀
ti di ẹrù mẹ́ta lórí itan rẹ̀.

"Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn? Kí ló wá ń dì í mú?"
Ó rẹ́rìn-ín. Eyín wúrà kan tàn.
"Bọ́tìnnì kan náà ni.
Ẹni tó mọ̀ ọ́n tú náà ló mọ̀ ọ́n dè.
Ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé ojú, etí ni kí o fi ṣe é.
Mo kánjú lọ́dún kan, mi ò gbọ́ kẹ́,
táyà ọ̀tún fi mí sílẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
ó ń yí lọ, ó kí ọlọ́pàá, ó ya oníbúrẹ́dì sílẹ̀,
odò Rioni ló lọ bá.
Èmi nìkan ló kù, tí mò ń pòòyì bí òkòtó."

Zauri kò rẹ́rìn-ín.
Ó ń wo òrùka tó há sí i níka,
tí ọṣẹ kò yọ, tí òróró kò yọ.
Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹni tó fi í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́
ti ré kọjá sí Bari, tó ń wẹ arúgbó ẹlòmíràn,
tó ń fowó ránṣẹ́ lóṣooṣù,
tí kò dárúkọ ìgbà tí òun ń bọ̀.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Lamara. Òjò ti dá.
Ó gbé férémù sílẹ̀, ó mú táyà àkọ́kọ́,
ó wá ihò, ó tì í wọlé.
Kẹ́.
Ó fà á wò.
Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é,
ó tún fà á wò lẹ́ẹ̀kan sí i.